Kí AI tó máa ka backup àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn Yorùbá kan ní Kubwa, l'Abuja, ni mí. OneNote orí láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìbéèrè àwọn èèyàn lórí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í sì í tán: ta ló dúró fún ta nígbà tó yáwó, ìgbà wo la fi owó ìtanràn lé àwọn tó ń pẹ́ dé. AI agent, ìyẹn AI tó lè fúnra rẹ̀ lo irinṣẹ́ láti ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, ló ń bá mi wá a báyìí. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ bíi tèmi, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́.

OneNote, ètò ìkọ̀wé Microsoft, ti Windows máa ń ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pa mọ́ sínú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, nínú fódà kan tó ń jẹ́ Backup, lábẹ́ AppData\Local\Microsoft\OneNote\16.0. Íntánẹ́ẹ̀tì ìbáà wà, ìbáà má sí, ó wà níbẹ̀. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni mo ti ń ka tèmi. Àmọ́ àwọn fáìlì ibẹ̀, tí orúkọ wọn ń parí sí .one, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ fi Notepad ṣí i, wúruwùru lẹ máa rí. Irinṣẹ́ kan ní láti wà láàárín tó máa tú u fún AI. MCP (Model Context Protocol) ni ọ̀pọ̀ irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bá AI sọ̀rọ̀, ìlànà tí ilé iṣẹ́ AI tó ń jẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó mọ kọ̀ǹpútà ló bá mi ṣe irinṣẹ́ náà. Mo ní kí irinṣẹ́ náà máa to orúkọ àwọn péèjì, kó máa wá ọ̀rọ̀, kó sì máa ka péèjì kan lẹ́ẹ̀kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan, kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́. Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wà nínú àkọsílẹ̀ mi, tí ẹnì kan bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé “pa gbogbo èyí rẹ́”, AI lè rò pé òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ẹ̀dà púpọ̀. Nínú Options ti OneNote, ní Save & Backup, ẹ lè sọ iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ kó tọ́jú, mo sì fi kún tèmi. Péèjì kan náà wá wà nínú fáìlì oríṣiríṣi, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì wà lára orúkọ fáìlì. Péèjì “Òfin owó yíyá” wa, ńṣe la máa ń tún un kọ lójú ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún la ń gbà. Àwọn Mùsùlùmí inú wa ní àwọn ò lè bá wa jẹ èlé, a jọ jókòó, a fagi lé e, ó di owó fọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo bi AI léèrè nípa òfin náà, ó dáhùn gaara: èlé ìdá márùn-ún. Alhaja tó jẹ́ akápò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní:

“Akọ̀wé, ẹ bi í pé ìwé ọdún wo ló kà.”

Ìbéèrè yẹn gan-an la fi tún irinṣẹ́ náà ṣe. Ní báyìí, gbogbo péèjì tó bá gbé jáde ń bá orúkọ fáìlì, abala àti ọjọ́ ẹ̀dà rìn, ẹ̀dà tuntun jù ló sì máa ń kọ́kọ́ wò. Bí a bá fẹ́ ti àtijọ́, a ó dá ọjọ́ fún un.

Ìṣòro kejì jẹ́ tàwa Yorùbá. Mo ní kó wá “onígbọ̀wọ́”, ó ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ó kún ibẹ̀! Lẹ́tà kékeré ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ìwé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ́ tó tún ní àmì òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àkànpọ̀ ni. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kàn án pọ̀ báyìí, òmíràn bọ́hùn-ún. Lójú wa ọ̀kan ni wọ́n, lójú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Níbi tí mo bá sì ti ń kánjú, “onigbowo” lásán ni mo kọ. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ yín bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá àti èyí tó wà nínú péèjì kó tó fi wọ́n wéra, kó sì dá ti inú péèjì padà bó ṣe wà tó bá fẹ́ fi hàn yín.

Rìsíìtì tí mo ya fọ́tò sínú péèjì, irinṣẹ́ tèmi ò rí i kà. Mo kàn ń tẹ iye owó sábẹ́ fọ́tò ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Lóòótọ́ inú láptọ́ọ̀pù ni backup wà, ṣùgbọ́n bí AI tí ẹ ń lò bá jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, péèjì tó bá kà ti kúrò nílé yín nìyẹn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò sì fojú ṣeré wo orúkọ àti gbèsè ọmọlúàbí. Àwọn AI kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù nìkan, èèyàn lè fi ètò kan tó ń jẹ́ Ollama gbé wọn, àmọ́ láptọ́ọ̀pù tèmi ti dàgbà, ó ń mí hẹlẹ. Nítorí náà mo kó abala àwọn onígbèsè sí fódà mìíràn tí irinṣẹ́ náà ò lè dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ wá lówó, kó wá sípàdé.