Láàárín àwọn aago àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí ẹ bá wọ Science Museum ní South Kensington, ariwo àwọn ọmọdé tó ń sáré lọ wo rọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ gòkè dé àjà kejì, ẹ wá gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Clockmakers' Museum. Ẹgbẹ́ àwọn aláago Lọ́ńdọ̀nù, tí ọba fún ní ìwé àṣẹ ní 1631, ló ni ín. Láti 1814 ni wọ́n ti ń kó aago jọ. Guildhall, gbọ̀ngàn ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ẹrù wọn wà tẹ́lẹ̀, 2015 ni wọ́n kó o wá síhìn-ín. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Àbúrò bàbá mi ló jẹ́ kí n fẹ́ràn aago. Iṣẹ́ títún aago ṣe ni wọ́n ṣe jẹun ní Ìbàdàn. Wọ́n á fi gíláàsì kékeré há ojú, wọ́n á sì máa sọ fún wa pé òróró ló ń jẹ́ kí aago rìn, òróró kan náà ló sì ń pa á: bí eruku ọyẹ́ bá ti bá a pò, á ki, aago á wá máa wọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo dúró síwájú aago tí John Harrison ṣe ní 1713. Igi ni! Ọmọ káfíńtà ni Harrison, ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà náà, igi ló sì fi gbẹ́ àwọn jíà inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún rí igi lignum vitae, tí òróró wà nínú ara rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá, ó fi ṣe aago tí ẹnikẹ́ni kò ní láti ta òróró sí. Ó wù mí kí àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ H5, aago òkun tí Harrison yìí kan náà ṣe ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ni èrò máa ń dúró sí jù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Atukọ̀ tó bá mọ iye tí aago wí nílé, tó sì fi oòrùn mọ iye tó wí níbi tó wà, lè ṣírò bí òun ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n bí aago bá fi ìṣẹ́jú kan péré ṣìnà, ní itòsí agbedeméjì ayé, bíi kìlómítà 28 ni ọkọ̀ fi ṣìnà yẹn. Ní 1707, ọkọ̀ ogun Britain mẹ́rin rì ní erékùṣù Scilly, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbé £20,000 kalẹ̀ ní 1714 fún ẹni tó bá rí ojútùú. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó náà ń fi òní dọ́la fún Harrison, Ọba George Kẹta gba H5, ó dán an wò fúnra rẹ̀ ní 1772. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá lóòjọ́ ni ìṣìnà rẹ̀. Harrison ti pé ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó san £8,750 fún un ní 1773.

Mi ò pẹ́ níbi àwọn aago olówó iyebíye. Aago ọwọ́ Smiths tí Edmund Hillary mú gun Everest ní 1953 wà níbẹ̀, mo wò ó, mo kọjá. Aago tí aláago kan tó ń jẹ́ John Arnold ṣe ni mo ń wá.

Aago àpò ni. Ọmọ ọba ni wọ́n ṣe é fún, góòlù sì ni ara rẹ̀. Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ John Belville, òṣìṣẹ́ ibùdó ìwòràwọ̀ Greenwich, ó pààrọ̀ góòlù náà sí fàdákà kí olè má baà fojú sí i. Láti 1836, Belville ń fi aago yìí wé aago Greenwich lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á sì gbé e kiri Lọ́ńdọ̀nù lọ bá àwọn oníbàárà tó ń sanwó láti mọ àkókò tó péye. Ó kú ní 1856, Maria ìyàwó rẹ̀ gba iṣẹ́ náà. Ní 1892 ó kan Ruth ọmọ wọn. Bí àwọn ìyá oníwàrà ṣe ń ya ilé oníbàárà wọn kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni Ruth ń ya ṣọ́ọ̀bù àwọn aláago pẹ̀lú "Mr Arnold" nínú báàgì rẹ̀.

Ní 1908, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó ń fi wáyà ta àkókò dìde níwájú èrò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ Ruth, ó ní bóyá torí pé obìnrin ni ni wọ́n ṣe ń gbà á láyè. Ruth ní ìpolówó ọ̀fẹ́ ni ọkùnrin náà ṣe fún òun. Ní 1936 aago orí tẹlifóònù dé, ẹni tó bá pè é á gbọ́ àkókò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Obìnrin yìí kò dẹ́kun. 1940 ló tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí bọ́ǹbù ń já lu Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ti lé dáadáa ní ọgọ́rin ọdún.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá níwájú aago náà láì dúró. Ká ní èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀ ni, ẹnu ọ̀nà gan-an ni ǹ bá gbé e sí, ṣáájú H5, ǹ bá sì kọ orúkọ Maria àti Ruth gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.