Ìwé àdúrà mi ti dákẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta

Alaalẹ́ ni mò ń ṣí i. Màá kọ déètì, màá fi bírò sẹ́nu, oorun á gbé mi lọ. Ọlọ́run nìkan ló sì ń ka ìwé yìí o, síbẹ̀ gbólóhùn tó dùn létí ni mò ń wá kiri!

Láàárọ̀ yìí, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ṣí Sáàmù 13, mo ní kí n kàn dà á kọ. Ẹsẹ 6 péré ni. Nínú ẹsẹ 2 àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Bí mo ṣe kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tán, bírò ò dúró mọ́. Mo kọ ọ́ pé inú ń bí mi. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, tá ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ látìgbà ìsìnkú Màámi. Kò sí àmì ohùn, kò sí kọ́mà, èmi gan-an ò lè ka ìdajì rẹ̀ mọ́. Omi ojú ti ba ìlà kan jẹ́.

Mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi láti aago méje. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò jẹ́ kó wọlé.