Lẹ́yìn Tí Wọ́n So Ìfun Mi Padà

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wá kí mi ní Iléṣà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì ni wọ́n rò pé, níwọ̀n ìgbà tí àpò ìgbẹ́ ti kúrò ní ikùn mi, ara mi ti yá tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun (táífọ́ọ̀dù) ni ó dá ìfun kékeré mi lu. Nígbà tí wọ́n gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, wọ́n fa ìfun jáde sí ara ikùn kí ìgbẹ́ lè máa bọ́ sínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni ìfun ńlá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa omi inú ìgbẹ́ padà sínú ara, ṣe wà láìríṣẹ́ ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nígbà tí wọ́n so ìfun náà pọ̀ padà nínú iṣẹ́ abẹ kejì, ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń bi mí ní àràárọ̀ ni pé, "Màmá, ṣé ẹ ti só?" Kò sí ìtìjú níbẹ̀, nítorí pé ìsó ni àmì pé ìfun ti ń rìn. Bí ikùn bá wú, tí ènìyàn ń bì, tí atẹ́gùn kò sì jáde, dókítà ni ó yẹ kí ó gbọ́ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́wé ọmọ.

Ìgbẹ́ mi ṣàn bí omi, kì í sì í fún mi láyè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi tí wọ́n gé náà, níbi tí ìfun kékeré ti fẹ́ kan ìfun ńlá, ni ara ti ń gba òróòro padà. Bí ibẹ̀ bá dín kù, òróòro a ṣàn wọ inú ìfun ńlá, a sì fa ìgbẹ́ gbuuru tí ó ń ta ni ní ìdí. Ibẹ̀ náà ni fítámì B12, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ti ń wọ ara, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún àwọn ọmọdé tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ni mo ń mu. Mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìdí, mo ń fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ dípò kí n nù ún, lẹ́yìn náà ni mo ń fi ìpara tí ó ní síǹkì pa á. Ẹ̀kọ àti ìrẹsì funfun ni mo ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, nígbà púpọ̀ lóòjọ́. Ata ni ó nira jù: ta ni yóò sọ fún Ìjẹ̀ṣà pé kí ó fi ọbẹ̀ tí kò ta jẹ iyán?

Ní báyìí, ìgbẹ́ ti ń ki, mo sì lè wọ mọ́tò dé Ifẹ̀ láìdúró lọ́nà. Ẹ̀wà ni n kò tíì dán wò.