Wọn kò jẹ́ ká rí bí orí Daenerys ṣe dàrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gẹrun lọ́dọ̀ mi ní Agbowó mọ̀ pé tí Game of Thrones, eré àwọn tó ń jà sórí ìtẹ́ ọba, bá ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i kúrò. Bí iná bá lọ, mo ń tan jẹnẹrétọ̀ ni. Àwọn ọmọ Yunifásítì á kún orí bẹ́ǹṣì, títí kan àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun fún. Nítorí náà, tí mo bá ní wọ́n ba eré náà jẹ́, ojú mi ló ṣe.

Ned Stark, ìjòyè olóòótọ́ kan, ló kọ́kọ́ mú mi, lọ́dún 2011 tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO bẹ̀rẹ̀ eré náà. Àwa tá a mọ̀ pé ákítọ̀ kì í kú! Ẹ̀písóòdù kẹsàn-án péré, wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí. Kì í kàn-án ṣe pé wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà wá o. Ó mọ àṣírí àwọn ọmọ Cersei, ayaba, pé kì í ṣe ọba ló bí wọn, ó tún lọ bá Cersei fúnra rẹ̀ pé kó kó wọn sá lọ kí ọba tó ti oko ọdẹ dé. Àánú ló ṣe é, àánú náà ló sì pa á. Robb, ọmọ rẹ̀, ṣèlérí pé òun á fẹ́ ọmọ Walder Frey, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Níbi ìgbéyàwó kan nílé Frey ni wọ́n ti pa òun, ìyàwó rẹ̀ tó lóyún àti ìyá rẹ̀. Ní Westeros, ilẹ̀ inú eré náà, nígbà yẹn, gbèsè kì í sùn.

Apá mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀písóòdù mẹ́wàá mẹ́wàá ni. Ìkeje di méje. Ìkẹjọ, tó jáde ní 2019, mẹ́fà! Eré náà ti kọjá ibi tí ìwé George R. R. Martin tí wọ́n gbé e kà dé, Benioff àti Weiss tó ń darí rẹ̀ sì ń kánjú àtiparí. Ogun òru inú ẹ̀písóòdù kẹta ṣókùnkùn débi pé oníbàárà mi kan ní kí n lọ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Daenerys, ọbabìnrin oní-drágónì tó ń wá ìtẹ́ Westeros, lọ̀rọ̀ mi. Agogo lù, ìlú ti túúbá, ó ṣì gun drágónì rẹ̀, ó dáná sun tọmọdé tàgbà. Àwọn kan ń bínú pé kí ló dé tó fi burú. Èmi kò bínú sí ìyẹn. Ó ti kan àwọn ọlọ́lá Meereen mọ́gi rí, ó ti jó Randyll Tarly àti ọmọ rẹ̀ láàyè. Ìkà náà wà lára rẹ̀. Ibi tó ti yíwọ́ ni mi ò rí.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà sọ kò ní fò kọjá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Ó máa sọ ojú tí Ìyálóde fi ń wo olóyún láti ọjọ́ náà lọ. Tó bá wá kan ohun tó fi ojú àwọn ẹrú rẹ̀ rí, ara yín á bù máṣọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa béèrè pé níbo nìyẹn ti wá. Nígbà tí ìtàn bá dé ọ̀dọ̀ Látòósà, Ààrẹ tó yọ ọ́ nípò ní 1874, a ti ń retí rẹ̀.

Wọ́n bẹ́ Missandei, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, lórí lójú Daenerys. Wọ́n ta drágónì rẹ̀ lọ́fà bọ́ sínú òkun. Ó gbọ́ pé Jon, ọkùnrin tó fẹ́ràn, ni ìtẹ́ náà tọ́ sí. Èyíkéyìí nínú wọn tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko fún un láti jókòó sunkún, ká wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń kó wọn kọjá lójú wa.

Bran, ọmọ Ned, tí wọ́n wá fi jọba ńkọ́? Jálẹ̀ apá karùn-ún, a kò fojú kàn án rárá, òun ni Tyrion, tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nígbà yẹn, wá sọ pé ìtàn rẹ̀ dára jù lọ!

Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó bu ọwọ́ lùwé pé kí wọ́n tún apá kẹjọ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò bu ọwọ́ lù ú. Wọn ò níláti yí òpin náà padà. Ẹ̀písóòdù mẹ́rin tí wọ́n dín kù nínú mẹ́wàá ni kí wọ́n kó fún mi.