Pátákó Ẹnu Ọ̀nà: Àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Agòkè ní Yorkshire àti ní Òṣogbo

Tí ẹ bá wọ ilé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè tí wọ́n sì ń wọ ihò ilẹ̀ ní Yorkshire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní alẹ́ Ẹtì tí àpèjẹ ọdún ku ọ̀la, pátákó funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni ojú yín á kọ́kọ́ bá. Gbogbo ẹni tó máa wọ ihò lọ́la ló ń kọ orúkọ síbẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ ihò náà, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà, nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n gbé lọ, aago tí wọ́n fẹ́ jáde, àti aago tí ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ pe àwọn adóòlà ẹ̀mí bí kò bá tíì rí wọn. Wákàtí méjì ló sábà máa ń wà láàrin aago méjèèjì. Àjọ̀dún ẹgbẹ́ agòkè ní Òṣogbo kún ju ti òyìnbó lọ ní oúnjẹ, ní ìlù àti ní èrò. Pátákó yẹn ni kò sí níbẹ̀, òun gan-an ló sì yẹ kí àwa tí a wà lókè òkun kó relé.

Òkúta ló fà á tí wọ́n fi mú pátákó náà le tó bẹ́ẹ̀. Irú òkúta tí a ń fọ́ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Yorkshire. Òjò máa ń fa carbon dioxide mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ àti inú ilẹ̀, á kan díẹ̀, á sì máa jẹ òkúta náà títí odò á fi rí ọ̀nà gbà lábẹ́ ilẹ̀. Gaping Gill, lára òkè Ingleborough, jìn tó nǹkan bí mítà 98 láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Édouard-Alfred Martel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ ní 1895. Lóde òní, ẹgbẹ́ méjì máa ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sẹ́nu ihò yìí, ọ̀kan ní oṣù Karùn-ún, èkejì ní oṣù Kẹjọ, wọ́n á sì fi àga sọ ará ìlú tó bá sanwó kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpáta ràbàtà tí a ń gùn nílé kì í yọ́ sínú omi bẹ́ẹ̀. Ihò tí a ń rí lára wọn, abẹ́ àpáta ni, tàbí àlàfo láàrin òkúta ràbàtà méjì. Bẹ́ẹ̀ ni Ihò Eléérú nítòsí Ìsarun rí, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun èèyàn àtijọ́ ní 1965.

Nítorí náà, omi àti òtútù ni ọ̀tá ní ti Yorkshire. Inú ihò Yorkshire kì í gbóná ju ìwọ̀n 8 sí 9 Celsius lọ, ì báà jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò tó rọ̀ lórí òkè lè sọ ibi tí wọ́n rìn kọjá láàárọ̀ di odò kí ọ̀sán tó pọ́n. Aṣọ onírun ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́, èyí tí omi kì í tètè gbà wọlé lórí rẹ̀, bàtà rọ́bà, akoto tí iná wà níwájú rẹ̀, àti iná méjì mìíràn nínú àpò. Iná kan ṣoṣo kò tó, torí òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ojú ń mọ́ lára.

Ẹni tó bá mọ bí ẹlẹ́mu ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ á tètè lóye okùn wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹlẹ́mu ń fi ẹsẹ̀ ti ara ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n òfuurufú ni ẹni tó sọ̀ sínú ihò ń rọ̀ sí. Okùn tí kì í fà ni, ó nípọn tó mílímítà 9 sí 11. Irin kan wà láyà, ọ̀kan wà lọ́wọ́: wọ́n ń yọ̀ sókè lára okùn, wọn kì í yọ̀ padà sísàlẹ̀. Níbi tí okùn bá ti fẹ́ fara kan etí òkúta, wọ́n á tún un so níbẹ̀, torí okùn tó ń ha òkúta máa ń já. Wọ́n á ta kókó sí ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ń sọ̀ má baà sọ̀ kọjá òpin okùn. Ẹ di irun gígùn àti etí aṣọ mọ́nú kí irin má gbé e. Ẹni tó bá rẹ̀ tó sì dákẹ́ láìmira lójú okùn, kíákíá ni kí wọ́n gbé e kúrò, torí bẹ́líìtì tó so mọ́ itan lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà kó sì pa á.

Pátákó náà ní àléébù tirẹ̀. Àwọn kan á jáde láyọ̀, wọ́n á gba ilé ọtí lọ láìpa orúkọ wọn rẹ́, aago á pé, ẹni tó wà nílé á pe 999, á ní kí wọ́n fún òun ní ọlọ́pàá, kó tó béèrè adóòlà inú ihò. Cave Rescue Organisation, ẹgbẹ́ adóòlà inú ihò ní Clapham ti Yorkshire, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1935, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Kò dára kí a jí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sórí òfo. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣọ́ pátákó kì í fi í mutí títí orúkọ ìkẹyìn á fi kúrò lára rẹ̀.

Ní Òṣogbo, Erin-Ìjẹ̀ṣà ni ẹgbẹ́ púpọ̀ ń lọ. Ìpele méje ni omi Olúmirin ní, àìmọye èèyàn ló sì ń dúró sí ìkejì. Aago 6 ìdájí ló yẹ kí mọ́tò kúrò ní Ọláìyá, kì í ṣe aago 9. Tí ọ̀sán bá pọ́n, àpáta á gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè dì í mú. Láti oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, ìjì àti mànàmáná máa ń dé lọ́sàn-án, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì wà lórí òkè ìhòòhò nígbà náà. Lítà omi mẹ́ta lórí ẹnìkan, nígbà tí lítà kan tó wọn ní Yorkshire. Bàtà kánfáàsì tí ìdí rẹ̀ kò tíì jẹ tán ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, torí ewédò máa ń yọ̀ lára òkúta tí omi ń gbà. Ẹ má fi lọ́fíńdà sára, torí oyin ń gbé láàrin àpáta. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó ni ilẹ̀, kí ẹ sì mú ọmọ ìlú dání: òun ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀, òun ló sì máa kọ́kọ́ gba yín sílẹ̀. Ní Yorkshire náà, ilẹ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, ẹni tó bá gbàgbé láti ti géètì lẹ́yìn ara rẹ̀ ti tú àgùntàn olóko sílẹ̀.

Iye èèyàn ló sábà máa ń sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ó rẹ ẹnìkan ní ìpele kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sílé láìsọ fún aṣáájú, àwọn ìyókù á máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Pátákó kékeré kan nínú mọ́tò, lọ́wọ́ dírẹ́bà, á tán an. Orúkọ, aago ìpadà, àti nọ́ńbà fóònù ẹnìkan tó wà ní Òṣogbo. Kí aṣáájú ka èèyàn ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá má ṣe kọjá ẹnikẹ́ni.

Alẹ́ Àbámẹ́ta ni ìyàtọ̀ dùn jù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ń se oúnjẹ ní Yorkshire, wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n á sì ṣeré àpótí onípákó: pákó kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ènìyàn á fi ikùn fà kọjá láàrin, wọ́n á sì máa sọ tòkè kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nílé, aṣọ ẹgbẹ́, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ni. Ìrẹsì kóńgò mẹ́rin tó èèyàn 40. Ẹ fi kóńgò kan lé e fún àwọn tó mú ẹbí wá. Ti ilé ni a fẹ́ràn jù níhìn-ín, a ò ní fi pamọ́. Ẹ ṣáà má pín oúnjẹ kí wọ́n tó parí orúkọ orí pátákó.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ fi omi tútù fọ okùn, láìlo ọṣẹ líle. Oòrùn máa ń ba okùn ọ̀rá jẹ́, ti Òṣogbo sì le ju ti Yorkshire lọ, nítorí náà ẹ má sá a sórí páànù. Abẹ́ igi máńgòrò ni kí ẹ ta á sí, kí ẹ sì yí i padà lọ́sàn-án, kí ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ náà lè gbẹ.