Rédíò Èkó ní Stornoway

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ní Stornoway, ní erékùṣù Lewis ní Scotland, mo máa ń ní kó tètè wá ẹ̀wù òtútù tó nípọn, kó sì wá rédíò. Ti ẹ̀wù yé wọn. Ti rédíò ni wọ́n máa ń bi mí sí, nítorí lójú wọn, WhatsApp ti parí gbogbo ẹ̀.

WhatsApp ò parí ẹ̀. Bí mo bá pe màámi ní Ìta Fájì, wọ́n á ní ara àwọn le, àwọn ọmọ wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọn ò ní sọ fún mi pé òjò àná kún Adéníji Adélé, pé àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà ń gbọ́n omi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, pé gàrí tún ti gbówó lórí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn dá ẹni tó wà ní Ìlú Ọba lágara sí? Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkàn mi ń fà sí gan-an nìyẹn. Ẹbí mi ni fóònù ń fún mi. Ìlú tí mo fi sílẹ̀, ẹnu asọ̀rọ̀mágbèsì ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Erékùṣù ni mo ti ṣí, erékùṣù náà ni mo dé sí. Èkó tí wọ́n bí mi sí, omi ló yí i ká, àmọ́ Carter Bridge, Eko Bridge àti Third Mainland so ó mọ́ òdìkejì. Lewis, tí Stornoway jẹ́ ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, kò ní afárá kankan tó gbé e dé ilẹ̀ Scotland gangan. Fẹ́rì láti Ullapool lódìkejì ni, ó sì máa ń lò ju wákàtí méjì lọ lójú omi. Bí ìjì bá ń jà, fẹ́rì ò ní kúrò ní èbúté. Tó bá fi lè tó ọjọ́ méjì bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i ní ṣọ́ọ̀bù: búrẹ́dì ti tán, mílíìkì ti tán, ẹ̀fọ́ tó kù ti rọ.

Bí ará Èkó ṣe ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ Third Mainland láàárọ̀ ni àwọn ará ibí ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ fẹ́rì. Lọ́dọ̀ wa, ìjọba ìpínlẹ̀ dá Lagos Traffic Radio 96.1 sílẹ̀ ní 2012 nítorí ọ̀nà nìkan, kí èèyàn lè mọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà kó tó wọ mọ́tò. Níbí, Isles FM ni, lórí 103, láti 1998. Àwọn aráàlú tó yọ̀ǹda àkókò wọn ló ń ṣe é. Ẹni tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, ẹ lè bá a lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì kí ara yín.

Ọkọ ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà lórí rìgì epo ní North Sea. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibí ni iṣẹ́ epo tàbí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ń gbé kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. À ń ká bẹ́ẹ̀díṣíìtì lọ́wọ́ nígbà tó sọ fún mi pé kò sí àárọ̀ tí ọkọ òun kì í tan Isles FM lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ó lè ti bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru, síbẹ̀ á tan án. Ó fẹ́ gbọ́ ẹni tó ń pe orúkọ abúlé rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá fẹ́rì máa rìn lọ́jọ́ tó máa padà. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo ti rò pé èmi nìkan ni nǹkan ń ṣe.

Àwọn èèyàn yìí mọ ohun tí ìrìn àjò sílé lè gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1919, ọkọ̀ Iolaire tó ń kó àwọn ọmọ ogun ojú omi bọ̀ látojú ogun kọlu àpáta nítòsí ẹnu èbúté Stornoway. Ó kéré tán, 201 èèyàn ló kú, ilé sì ti wà lójú wọn. Níbi tí irú ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹnikẹ́ni ò ní fi ìròyìn ọkọ̀ ojú omi ṣeré.

Ọjọ́ Àìkú ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Ní Èkó, wọ́n á ti ta kánópì dí òpópónà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa dún, aṣọ ẹbí á gba gbogbo àdúgbò. Ní Lewis, ìlú á pa lọ́lọ́. Títí di oṣù keje 2009, fẹ́rì Ullapool kì í rìn lọ́jọ́ Àìkú rárá, oṣù kọkànlá 2024 sì ni Tesco tó wà ní ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n rédíò kì í dákẹ́. Wọ́n máa ń kọ Sáàmù lédè Gaelic, èdè ìbílẹ̀ ibí. Ọkùnrin kan á lé e, ìjọ á gbà á, oníkálukú á máa yí ohùn tirẹ̀ bó ṣe wù ú, títí tí gbogbo ẹ̀ á fi máa ru bí ìgbì. Ìyá àgbà kan wà tí mò ń tọ́jú tí orúkọ ọmọ wọn gan-an ti ń ṣòro fún wọn. Tí Sáàmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ìka wọn á máa lu apá àga, wọ́n á sì gbè é dópin, wọn ò ní fo ọ̀rọ̀ kan.

Èmi ò gbọ́ Gaelic, àmọ́ mo mọ lílé àti ègbè. Wéré ni wọ́n fi jí mi lóṣù ààwẹ̀ láti kékeré. Ní Ìta Fájì, kó tó di aago mẹ́rin, àwọn ọmọkùnrin á ti gbé ìlù kọjá lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ọbẹ̀ á ti máa wọlé láti yàrá kejì. A ní mọ́ṣáláṣí ní Stornoway láti 2018, àwọn ará ibẹ̀ sì dára sí mi gan-an. Ṣùgbọ́n nídàájí, atẹ́gùn nìkan ló ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Màá ki fóònù bọ inú kọ́ọ̀bù kó lè dún dáadáa, màá tan Radio Lagos 107.5, màá gbé ìrẹsì àti Titus síwájú. (Inú òkun apá ibí wà lára ibi tí wọ́n ti ń pa ẹja yẹn.) Nígbà òtútù, wákàtí kan ni aago Èkó fi ṣíwájú tiwa, àmọ́ lóṣù kẹta, àfẹ̀mọ́júmọ́ ibẹ̀ àti tibí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí àkókò kan náà. Bí wọ́n bá ní ká dáwọ́ oúnjẹ dúró lórí rédíò, kì í pẹ́ tí èmi náà fi ń dáwọ́ dúró.

Ohun kan ń dùn mí. Gbogbo èèyàn tó wà ní Lewis ò lè kún Stadium tó wà ní Surulere, síbẹ̀ wọ́n ní rédíò tiwọn. Èkó, níbi tí wọ́n ti fa wáyà rédíò wọ ilé láti 1935, rédíò ìjọba àti ti oníṣòwò ló pọ̀ níbẹ̀, téèyàn bá sì fẹ́ kéde nǹkan, owó ni. UNILAG FM wà ní Akoka, lórí 103.1, ó sì fi hàn pé àwùjọ kan lè ní ohùn tirẹ̀. Àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó náà yẹ lẹ́ni tó ń ní irú ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2019, ilé tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nínú ẹ̀ wó ní Ìta Fájì wa níbẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké wà lára àwọn tó kú. Mo fẹ́ kí rédíò kan wà tí ẹni tó bá rí ilé tó ń sán lè pè, kí gbogbo àdúgbò gbọ́ orúkọ òpópónà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àjọ NBC, tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ń fún àdúgbò níwèé àṣẹ fún irú rédíò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Òkè Arìn ti ń bá àwọn bàbá àdúgbò sọ ọ́, mo sì ti ní kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó máa dáwó.