Ọ̀rá ẹ̀ dà?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo délé ní Kàbà, àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mú sírínjì kan jáde, wọ́n ní táwọn bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, oògùn á máa jò níbi tí abẹ́rẹ́ ti so mọ́ ọn, mẹ́ta làwọn jù nù láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ní "Àǹtí, ọ̀rá ẹ̀ dà?" Wọ́n ti jù ú nù! Bẹ́ẹ̀ ara ọ̀rá yẹn gan-an ni nọ́ńbà LOT wà, òun niléeṣẹ́ á fi mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ike tí wọ́n yọ́ sí i, kí wọ́n tó lè kó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kúrò lọ́jà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níléeṣẹ́ sírínjì nìyẹn, QA, ìyẹn rírí i dájú pé ọjà dára (ìyá mi ṣì rò pé abẹ́rẹ́ ni mò ń tà). ISO 13485 ti 2016, ìlànà àgbáyé fáwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ ìṣègùn, la fi ń ṣiṣẹ́, ìwé kíkọ ibẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rá. Ẹnì kan gbàgbé láti buwọ́ lùwé lọ́jọ́ kan, gbogbo páálí ọjọ́ yẹn ò kúrò lójú kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka microbiology tẹ́ ẹ jókòó sí Ìsánlú àti Mọ̀pà, kì í ṣe ẹnjiníà nìkan niléeṣẹ́ sírínjì ń wá o. Gáàsì ethylene oxide la fi ń pa kòkòrò ara sírínjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ọ̀hún kú lóòótọ́. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ò tó nǹkan, mi ò ní parọ́.

Àǹtí ti ń kó ọ̀rá pamọ́ báyìí, ó ti kún báàgì kan.